Root mi ti kún dé ẹnu: ọ̀nà wo ni mo lè gbà fẹ̀ ẹ́ tí fáìlì kankan ò ní sọnù?

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi yìí.

Linux Mint ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan tí mo rà ní 2019. Windows wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí sọ́fítíwíà kan tí a fi ń to máàkì àwọn ọmọ, tí kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń pariwo pé àyè ò sí mọ́ nínú root, ìyẹn ibi tí Linux fúnra rẹ̀ wà lórí dísìkì. Lónìí ó wá burú: mo fi páswọ́dù wọlé, ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó tún dá mi padà sí ibi páswọ́dù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí mo tẹ Ctrl+Alt+F3, tí mo pa fáìlì ńlá kan rẹ́ nínú /opt, kó tó gbà mí wọlé.

Bí dísìkì náà ṣe pín nìyí, ìyẹn àwọn ìpín tí à ń pè ní partition:

sda 465.8G
sda1 100M vfat /boot/efi
sda2 16M
sda3 195G ntfs (Windows)
sda4 600M ntfs
sda5 28G ext4 /
sda6 8G swap
sda7 234G ext4 /home

Àyè tó ju 120GB lọ ló ṣófo nínú /home, ibi tí àwọn fáìlì tèmi wà. Mo fẹ́ gé 30GB níbẹ̀ fún root. Ṣé ó ṣeé ṣe láì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ohun tó ń já mi láyà rèé. Ohùn ìyá mi àgbà wà nínú /home yẹn. Láàrin 2016 sí 2019, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn ni mo máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ki oríkì ìdílé wa. Wọ́n papò dà ní 2021. Kò sẹ́ni tó lè kì í dé ìdajì nínú ilé wa mọ́. Mo ti da gbogbo /home sórí fláàṣì 2TB kan tí mo rà ní ₦7,500 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ọkàn mi kàn ní kí n kọ́kọ́ bèèrè ni.

Jagun_Debian | 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ má dààmú ara yín. Ẹ gbé GParted, ètò tí a fi ń pín dísìkì, sórí fláàṣì, ẹ fi tan kọ̀ǹpútà. Ẹ di etí òsì sda7 mú, ẹ fà á sọ́tùn-ún 30GB. Ẹ sún swap (àyè tí kọ̀ǹpútà ń yá lò tí mẹ́mórì bá kún) tẹ̀lé e. Ẹ wá fa sda5 gùn. Ẹ tẹ Apply, ẹ lọ jẹun, ó parí nìyẹn.

Ará_Peckham | 9:40 alẹ́

Òótọ́ ni Jagun sọ. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó sùn, nígbà tí mo fi jí, ó ti parí.

Ẹlẹ́kọ_Gbígbóná | 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin tí iná yín kì í lọ, ẹ rọra máa gbani nímọ̀ràn.

Oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, èmi náà fẹ́ sún /home sọ́tùn-ún. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni tèmi, kò ní bátìrì. Mo dúró títí NEPA fi mú iná dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, torí ládùúgbò wa nígbà yẹn, tí wọ́n bá ti mú un wá ní mẹ́wàá, ó di ìdájí. Mo tẹ Apply. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò ẹ̀wà. Ó dé ìdajì, ó kọjá ìdajì. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, fáànù rọra dúró. Mo gbọ́ tí dísìkì náà dún kẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ṣíbí lé àwo, ó dákẹ́.

Ìdajì fáìlì mi wà ní ààyè àtijọ́, ìdajì ti kó lọ sí ààyè tuntun. Mo fi e2fsck, ètò tó ń yẹ inú ìpín wò, wò ó, àṣìṣe ló ń tò, kò dá dúró. Mo gbé TestDisk, kò rí nǹkan kan ṣe sí i, torí kì í ṣe tábìlì ìpín (àkọsílẹ̀ àlà ìpín kọ̀ọ̀kan) ló bàjẹ́, ohun tó wà nínú ìpín ló dàrú. PhotoRec ni mo fi ṣa ìyókù. Ó kó fọ́tò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tó sọ wọ́n ni f0482816.jpg, f0482944.jpg, lọ bẹ́ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, nínú fóldà recup_dir.1, recup_dir.2, títí. Ìgbéyàwó mi wà láàrin àwòrán ìpolówó tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Títí di òní mo ṣì ń ṣà á.

Ìyá_Ìbejì | 10:20 alẹ́

Ẹlẹ́kọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rántí ìgbà tẹ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn wá síbí.

Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lálẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀nà Jagun fi léwu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ kọ́ ló pa.

Ẹ fi ìpín wé plọ́ọ̀tì ilẹ̀. Láti ẹnu géètì ni ext4, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sínú ìpín, ti ń ka ilẹ̀ rẹ̀: búlọ́ọ̀kù kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí dé ògiri ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fa ògiri ẹ̀yìn wọlé, kìkì ohun tó bá wà nítòsí ògiri yẹn lẹ máa kó sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sún géètì, ohun gbogbo tó wà nínú ọgbà ló gbọ́dọ̀ sún, nítorí géètì ni a ti ń kà á. Etí òsì ìpín ni géètì yẹn. Fún tiyín, ohun tí Jagun pè ní "ẹ fà á sọ́tùn-ún" túmọ̀ sí kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ohun tó wà nínú /home, pẹ̀lú ohùn màmá, láti ibì kan sí ibòmíràn lórí dísìkì kan náà, kó sì máa da tuntun bo àtijọ́ bó ṣe ń lọ. Kò ní dúró. Kò ṣeé dá dúró. Wákàtí mélòó kan ló máa gbà lórí irú dísìkì yín, bátìrì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ọdún 2019 ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí á tó mọ̀ bóyá ẹ tiẹ̀ nílò rẹ̀, ẹ fi èsì nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́:

df -h / /home
sudo du -xhd1 / | sort -h

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí ètò tó ń jẹ́ Disks, ẹ wo SMART, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera dísìkì. Ẹ sọ fún mi iye tó wà níwájú Reallocated Sector Count àti Current Pending Sector Count.

Tíṣà_Òṣogbo | 10:47 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an mà.

/dev/sda5 27G 26G 0 100% /
/dev/sda7 230G 96G 123G 44% /home

du sọ pé: /timeshift 9.4G, /usr 8.9G, /var 6.1G, ìyókù kéékèèké. SMART, òdo ni méjèèjì.

Mà, kí ló ń jẹ́ /timeshift? Mi ò rántí pé mo dá fóldà yẹn sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì | 11:05 alẹ́

Òdo méjèèjì, a dúpẹ́. Ká ní Pending ju òdo lọ ni, ohun tí mo máa sọ ni pé kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ìpín sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa sáré kó fáìlì yín jáde. Kò yẹ ká máa sún ẹrù kiri nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ti ń là.

Timeshift ni ètò tí Mint fi ń ya àwòrán ètò inú kọ̀ǹpútà pamọ́, kẹ́ ẹ lè padà sẹ́yìn tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó dára. Orí root fúnra rẹ̀ tó ń kó o pamọ́ sí ni kò dára, bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tó fi tìpa. Ìdá mẹ́ta root yín ló fẹ́ẹ̀ jẹ yẹn. Ẹ ṣí i, ẹ pa àwọn àtijọ́ rẹ́ láti inú ètò náà fúnra rẹ̀, ẹ má fi rm pa á. Lẹ́yìn náà ẹ yan sda7 fún un gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́.

Inú /var, ohun méjì ni mo fura sí:

sudo apt clean
sudo journalctl --vacuum-size=200M

Ìyẹn apá kan. Apá kejì rèé: ẹ tún tò ìpín yín wò. Kí ló wà láàrin root àti /home? Swap ni. 8GB. Kò sí fáìlì ẹnikẹ́ni nínú swap. Tí ẹ bá pa á rẹ́, ògiri ẹ̀yìn root kàn máa sún síwájú sínú àyè rẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú kan kò ní í pé. A ò fọwọ́ kan /home rárá.

Jagun_Debian | 11:12 alẹ́

Mà, 8GB tí ẹ gbà padà kò tó 30 tí wọ́n ń wá. Swap ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí kò ní swap, tí wọ́n bá ṣí tábù ogún nínú Firefox, ó máa dákú.

Ìyá_Ìbejì | 11:19 alẹ́

Àbúrò, 30 yẹn iye tó wá sí wọn lọ́kàn ni. Ẹ ṣírò ẹ̀: 9.4 ti Timeshift, ohun tó bá jáde nínú /var, àti 8 ti swap. Swap fúnra rẹ̀ máa di fáìlì nínú /home. Láti ayé kernel 2.6 ni swap inú fáìlì ti ń sáré bákan náà pẹ̀lú swap inú ìpín, Ubuntu gan-an ti sọ ọ́ di àṣà láti 17.04.

Ará_Peckham | 11:25 alẹ́

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi gé e lára Windows? 195GB ni wọ́n fún un.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ | 11:38 alẹ́

sda4 dúró láàrin, ibi tí Windows ń kó ìwòsàn ara rẹ̀ sí. Root sì máa ní láti sún géètì rẹ̀ sósì láti gba àyè yẹn, ohun kan náà tí màmá ń sá fún. Tí Windows bá tún ní Fast Startup, kì í kú tán nígbà tí ẹ bá pa á, ó kàn ń sùn ni, GParted ò sì ní gbà láti fọwọ́ kan NTFS tó wà lójú oorun.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló gbé mi dìde lórí ibùsùn. Tíṣà, fláàṣì 2TB, ₦7,500, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Ilé ìtúnkọ̀ǹpútà ṣe ni mo ní n'Íbàdàn, mo ń rí irú ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi apt clean wá àyè díẹ̀, ẹ fi f3, ètò tó ń tú fláàṣì ayédèrú fó, yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

sudo apt install f3
lsblk
sudo f3probe /dev/sdb

Ẹ kọ́kọ́ fi lsblk rí i dájú pé sdb ni fláàṣì náà lóòótọ́. Tí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan, dísìkì ẹlòmíràn lẹ̀ ń yẹ̀ wò yẹn.

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:03 òwúrọ̀

Ẹ wo ohun tó sọ:

Bad news: The device `/dev/sdb' is a counterfeit of type limbo
*Usable* size: 29.30 GB
Announced size: 1.95 TB

96GB ni mo dà sórí ẹ̀. Ó gbà á. Kò bèèrè nǹkan kan. Mo rí orúkọ gbogbo fáìlì níbẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ | 7:20 òwúrọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n tún ẹ̀rọ inú rẹ̀ kọ kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Orúkọ fáìlì máa ń wọlé torí ìbẹ̀rẹ̀ fláàṣì ni a ń kọ orúkọ sí, ibẹ̀ sì wà lóòótọ́. Ohun tó bá ti kọjá 29GB, ó gbà á lọ́wọ́ yín, ó sọ ọ́ nù. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn ohùn tẹ́ ẹ dà kẹ́yìn wò.

Tíṣà_Òṣogbo | 7:31 òwúrọ̀

Mo ṣí ti ọjọ́ Ọdún Iléyá 2018. Audacity ṣí i. Ìlà tààrà kan láti òsì dé ọ̀tún, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Mo yí ohùn sókè dé òpin, kò sí nǹkan kan.

Mo ṣí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó wà. Wọ́n ń húkọ́ kúúkú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi sáré jáde nínú ilé ìdáná, ó rò pé wọ́n ló wà nínú pálọ̀.

Ọlọ́run ló ní kí n bèèrè lálẹ́ àná. Mo ti gbé GParted sórí fláàṣì kékeré kan tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́kọ_Gbígbóná | 7:40 òwúrọ̀

Ara mi bù máṣọ.

Ìyá_Ìbejì | 8:15 òwúrọ̀

Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ mu omi. Kò tíì sí ohun tó sọnù.

Ẹ ra hàádì ìta gidi, 500GB tó, láti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ lè padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ f3probe òun náà. Lẹ́yìn náà ẹ fi ètò Disks sọ ọ́ di ext4. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní exFAT bí wọ́n ṣe tà á, fáìlì á wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó ni fáìlì, àṣẹ orí rẹ̀ àti àwọn ìtọ́ka, gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́ dànù. Ẹ wá dà á:

sudo rsync -aHAX --info=progress2 /home/ /media/hàádì/home/

(Ẹ fi ọ̀nà tí tiyín ń jẹ́ gan-an rọ́pò /media/hàádì.) Tó bá parí, ẹ yọ hàádì náà, ẹ kà dé ọgọ́rùn-ún, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá tún pa àṣẹ kan náà, ẹ fi -c, -n àti -i kún un. -c máa ń ka inú fáìlì méjèèjì wé ara wọn, -n kì í kọ nǹkan kan, -i máa ń to orúkọ èyí tó bá yàtọ̀. Mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ nítorí pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú mẹ́mórì ni kọ̀ǹpútà lè ti máa ka ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó dé orí hàádì.

Ẹ sì tẹ́tí sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin fúnra yín. Etí yín ò ní parọ́ fún yín.

Tíṣà_Òṣogbo | 6:48 ìrọ̀lẹ́

Hàádì dé, ₦48,000. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n f3probe sọ pé "Good news". rsync gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà tí mo fi -c, -n àti -i tún un pa, kò rí fáìlì kan tó yàtọ̀. Mo gbọ́ mẹ́fà.

Mo tún fọ ilé bẹ́ ẹ ṣe wí. journalctl nìkan gbà 2.4GB padà, apt clean 1.7. Timeshift ti lọ sórí sda7. Root ti wà ní 13GB báyìí! Ṣé ó tiẹ̀ ṣì yẹ kí n fọwọ́ kan ìpín?

Ìyá_Ìbejì | 7:10 alẹ́

Ẹ lè fi í sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi ètò ńlá kún un, 28GB kì í pẹ́ kún. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dà gidi ti wà, èmi á mú 8GB yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú tábìlì ìpín sórí hàádì ìta:

sudo sgdisk --backup=/media/hàádì/tabili.bin /dev/sda

Fáìlì kékeré ni, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣi nọ́ńbà pa, òun lẹ máa fi dá àlà àwọn ìpín padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà:

sudo swapoff /dev/sda6

Ẹ ṣí /etc/fstab, àkọsílẹ̀ àwọn ìpín tí Linux ń so mọ́ra tó bá ń tàn, ẹ fi # síwájú ìlà tó ní swap. Ẹ wá ṣe:

sudo apt install cloud-guest-utils
sudo parted /dev/sda rm 6
sudo growpart -N /dev/sda 5

-N kì í ṣe nǹkan kan, ó kàn ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe ni. Ẹ kà á dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ sda5 kò gbọ́dọ̀ yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ -N kúrò, ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá parí rẹ̀ pẹ̀lú:

sudo resize2fs /dev/sda5

Kọ̀ǹpútà ò ní kú, ẹ ò sì ní jáde nínú Mint. ext4 lè fẹ̀ lójú ayé. Fífún un pọ̀ ni ó ń fẹ́ kó kọ́kọ́ kúrò lójú iṣẹ́. Ẹ rántí bó ṣe tẹ̀lé ara wọn: bẹ́ ẹ bá ń fẹ̀ ẹ́, ìpín ló ń kọ́kọ́ fẹ̀, kí ext4 tó tẹ̀lé e. Bẹ́ ẹ bá ń fún un pọ̀, ext4 ló ń kọ́kọ́ súnkì, kí ìpín tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yí i padà ti fi ògiri gé ẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn nínú yàrá.

Jagun_Debian | 7:22 alẹ́

Ẹ lè lo `parted resizepart` dípò growpart, kò nílò kẹ́ ẹ fi ètò mìíràn sí i.

Ìyá_Ìbejì | 7:26 alẹ́

Ẹni tó bá kọ 100% síbẹ̀, ìparí dísìkì ni parted máa gbọ́, /home sì wà níbẹ̀. growpart mọ̀ pé àyè tó tẹ̀lé e nìkan ni kí òun gbà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Jagun_Debian | 7:27 alẹ́

😂😂 Mo ti gbọ́, mà.

Tíṣà_Òṣogbo | Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣe é lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo ń tẹ "rm 6", mo ka 6 yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, ọmọ mi ní "Dádì, 6 náà ni." growpart kọ CHANGED. resize2fs ò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo tiẹ̀ rò pé kò ṣe nǹkan kan.

/dev/sda5 35G 13G 21G 38% /

Mo fi fallocate dá /home/swapfile 4GB sílẹ̀, chmod 600, mkswap, swapon, mo kọ ọ́ sínú fstab.

Nǹkan kan ló kù. Bí mo bá tan kọ̀ǹpútà báyìí, ó máa dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú kó tó lọ. Ó kọ nǹkan kan bíi "Gave up waiting for suspend/resume device". Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ | 4:44 ìrọ̀lẹ́

Rárá. Swap àtijọ́ ló ṣì ń wá. Ẹ wo inú /etc/initramfs-tools/conf.d/resume, ẹ máa rí UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) swap tẹ́ ẹ pa níbẹ̀. Ẹ sọ ìlà yẹn di RESUME=none, tí fáìlì náà ò bá sí, ẹ dá a sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá pa `sudo update-initramfs -u`. Kọ̀ǹpútà yín ò ní lè sun oorun àsùnwọra, ìyẹn hibernate, mọ́, àfi kẹ́ ẹ tún un tò. Ṣé ẹ máa ń lò ó?

Tíṣà_Òṣogbo | 5:01 ìrọ̀lẹ́

Mi ò mọ̀ pé ó wà. Ó ti ń tàn kíá báyìí. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé púpọ̀. Màmá, Ọlọ́run á dá àwọn ìbejì sí fún yín.

Ọmọ_Ìkìrun | Ọjọ́ Ajé, 11:15 òwúrọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo ka èyí tán. Tèmi ò ní swap láàrin. Root 20GB, /home 300GB tẹ̀lé e gbọn-gbọn. Mo ti fọ gbogbo ẹ̀gbin rẹ̀, ètò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ló kún un lóòótọ́. Ṣé sísún géètì ló kù fún mi ni?

Ìyá_Ìbejì | 12:40 ọ̀sán

Rárá o. Dípò kí /home yẹ̀ fún root, jẹ́ kí root kó lọ sí ẹ̀yìn.

Ṣe ẹ̀dà rẹ ná, o ti rí i lókè. Fi fláàṣì tan Linux. Nínú GParted, fa ògiri ẹ̀yìn /home wọlé 50GB. Ọ̀tún nìkan, má ṣe fọwọ́ kan òsì. Nínú 50GB tó ṣófo yẹn, dá ìpín ext4 tuntun. So root àtijọ́ mọ́ /mnt/atijo, so tuntun mọ́ /mnt/tuntun, kí o wá dà á:

sudo rsync -aHAX /mnt/atijo/ /mnt/tuntun/

Nítorí pé orí fláàṣì lo wà, kò sí ètò kankan nínú root tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ohun tó o dà máa pé. Wá UUID tuntun pẹ̀lú blkid, fi rọ́pò ti root nínú fstab tó wà nínú ìpín tuntun. Lẹ́yìn náà so ìpín EFI (ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn) mọ́ /mnt/tuntun/boot/efi, bind /dev, /proc àti /sys, wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú chroot, ṣe grub-install àti update-grub, kí grub, ètò tó ń tan Linux, lè mọ ibi tuntun.

Tó bá kọ̀ láti tàn, root àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà, a ò yọ irun kan lára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí nìyẹn.

Àlejò_Fedora | 1:05 ọ̀sán

Ẹni tí /home rẹ̀ bá jẹ́ XFS, irú ètò mìíràn bíi ext4, kó má gbìyànjú èyí o, XFS máa ń fẹ̀ ni, kì í súnkì. Àwa tá a wà lórí Btrfs, òmíràn nínú wọn, ò tiẹ̀ mọ ìjà yìí. Láti Fedora 33 ni root àti /home ti ń jẹun nínú àwo kan náà.

Ẹlẹ́kọ_Gbígbóná | 1:11 ọ̀sán

Tí àwo náà bá wá fọ́ ńkọ́? Èmi ò fẹ́ kí wọ́n jọ máa jẹun.

Ọmọ_Ìkìrun | Ọjọ́rú, 8:52 alẹ́

Ó ti tàn! Mo kọ́kọ́ gbàgbé láti so EFI, grub-install bú mi, mo padà, mo so ó. findmnt / ní sda6 ni mo wà báyìí, sda2 ni tẹ́lẹ̀. 50GB! Mo fẹ́ lọ pa root àtijọ́ rẹ́ nísinsìnyí kí n lè máa kó àwọn ISO (fáìlì tí a fi ń gbé Linux sórí fláàṣì) pamọ́ síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì | 9:03 alẹ́

Kí lò ń kánjú sí? Lò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, jẹ́ kí ìmúdójúìwọ̀n kernel kan kọjá lórí rẹ̀, kó o rí i pé grub ń mú tuntun, kì í ṣe àtijọ́. Àyè tí o ń wá, o ti rí i.

Ọmọ_Ìkìrun | 9:05 alẹ́

Ó dáa mà. Mo ti gbọ́wọ́ kúrò.